Ta ló dá ìjọ wa sílẹ̀, Bowen tàbí àwọn ará ilé ìyá àgbà?

Ìbéèrè: Ẹ káàsán mà. Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni mí, mo wà nínú ẹgbẹ́ akọrin ní ìjọ Onítẹ̀bọmi wa. Ìjọ ń múra àjọ̀dún, wọ́n ní kí n kọ ìtàn ojú ìwé méjì sínú ìwé ètò. Díákónì àgbà kan ní kí n kọ ọ́ pé òyìnbó Bowen ló dá ìjọ wa sílẹ̀ ní 1855. Ìyá tó bí ìyá mi fárígá. Ó ní yàrá kan nínú agboolé àwọn ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀, pé àwọn tó ti ìdálẹ̀ dé ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, pé kò sí òyìnbó kankan níbẹ̀. Èwo ni kí n kọ? Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ tún là mí lóye: kí gan-an ni iṣẹ́ míṣọ́n tí wọ́n ní ìjọ wa dúró lé lórí?

Ìdáhùn: Ọmọ mi, o kú iṣẹ́. Níbi tí àgbà méjì bá ti ń fa ọ̀rọ̀ kan náà, ọmọdé tó ń kọ ọ́ sílẹ̀ ló máa ń jìyà rẹ̀. Ṣùgbọ́n fọkàn balẹ̀. Ìyá àgbà kò purọ́. Díákónì náà kò purọ́ tán; ó kàn fi ìtàn ìlú bo ìtàn ìjọ mọ́lẹ̀ ni. Ìwé ètò àjọ̀dún tí mo ti kà láti Ọ̀yọ́ dé Ṣakí yóò kún àpò ìrẹsì kan, orí Bowen sì ni èyí tó pọ̀ jù nínú wọn gbé gbogbo ẹrù kà.

Jẹ́ ká yanjú ọ̀rọ̀ Bowen ná. Thomas Jefferson Bowen, ọmọ Georgia ní Amẹ́ríkà, ti ṣe ológun rí kó tó di oníwàásù. Oṣù kẹjọ ọdún 1850 ló gúnlẹ̀ sí Àgbádárìgì. Ìgbòho ló ń lọ, kò ní Ògbómọ̀ṣọ́ lọ́kàn rárá. Ogun dí ọ̀nà, Abẹ́òkúta bá di ilé rẹ̀ fún bí ọdún kan àtààbọ̀. Ibẹ̀ ló ti kọ́ Yorùbá, ibẹ̀ ló sì wà nígbà tí àwọn ará Dàhòmì wá kọlu Ẹ̀gbá ní oṣù kẹta 1851. Ó padà sílé lọ gbéyàwó, ó tún wá, ó sì fìdí kalẹ̀ sí Ìjàyè lábẹ́ Kúrunmí. Oṣù keje 1854 ni wọ́n ṣe ìtẹ̀bọmi àkọ́kọ́ níbẹ̀. Ní 1855 ó dé Ìlọrin, ó fẹ́ jókòó síbẹ̀, wọn ò gbà fún un. Ògbómọ̀ṣọ́ ni ilé tó wá kàn án. Ìlú tí àwọn Fúlàní gbìyànjú títí tí wọn ò rí kó, tí àwọn tí ogun lé kúrò ní ìlú Ọ̀yọ́ àtijọ́ ti sá wá kún bámúbámú. Oṣù kẹsàn-án ni ó wọ ìlú wa. Nígbà tó fi máa di 1856, ó ti ń lọ sí Amẹ́ríkà, kò sì padà wá mọ́.

Fi ìka ọwọ́ rẹ ka oṣù náà. Kò pé ọdún kan tó fi wà nílùú wa.

N kò fi ìyẹn bu Bowen kù o. Gírámà àti ìwé atúmọ̀ èdè Yorùbá tó ṣe, tí ilé iṣẹ́ Smithsonian tẹ̀ jáde ní 1858, iṣẹ́ ńlá ni. Ó tún gba Brazil lọ láti lọ wàásù fún àwọn ẹrú tó ń sọ èdè wa níbẹ̀; ara kò gbà á láyè. Ilé ìtọ́jú àwọn tí orí wọn kò pé mọ́, ní Milledgeville ní Georgia, ló kú sí ní 1875. Ìgbà míì, tí wọ́n bá ń fi orúkọ rẹ̀ ṣe ariwo lórí pèpéle àjọ̀dún, èmi a máa rántí ibi tó kú sí. Yunifásítì tó wà ní Ìwó ń jẹ́ orúkọ rẹ̀ lónìí, ọsibítù tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn yunifásítì náà fi ń kọ́ṣẹ́ sì wà níbí ní Ògbómọ̀ṣọ́. Ó tọ́ sí i. Ṣùgbọ́n kí èèyàn tẹ ilẹ̀ ìlú fún oṣù díẹ̀ yàtọ̀ sí kó dá gbogbo ìjọ tó wà ní ìlú náà sílẹ̀.

Nǹkan kan tún wà tí àwọn tó ń kọ ìwé ètò máa ń fò. Ẹgbẹ́ tó rán Bowen wá, ìyẹn àwọn Onítẹ̀bọmi gúúsù Amẹ́ríkà, 1845 ni wọ́n ya kúrò lára àwọn ti àríwá, nítorí pé àwọn ti àríwá kò gbà kí ẹni tó ní ẹrú di míṣọ́nnárì. Òótọ́ ọ̀rọ̀ ni, kò sì yẹ kí ojú tì ọ́ láti mọ̀ ọ́n. Àwọn èèyàn dúdú láti Amẹ́ríkà náà sì wà nídìí iṣẹ́ yìí láti ìbẹ̀rẹ̀. Joseph Harden wàásù ní Èkó, ó sì ń ṣe bíríkì níbẹ̀. James Churchwill Vaughan, káfíńtà láti South Carolina, wá bá àwọn míṣọ́nnárì ṣiṣẹ́ ní Ìjàyè. Nínú ìwé ètò mélòó lo ti rí orúkọ àwọn méjèèjì yìí?

Wá gbọ́ apá tó ṣe pàtàkì jù lójú tèmi. Ní 1860 ogun bẹ́ sílẹ̀ láàrin Ìbàdàn àti Ìjàyè. Ní 1862 Ìjàyè tú, ilé míṣọ́n bá ìlú lọ. Láàrin ọdún yẹn náà ni ogun abẹ́lé ti bẹ́ sílẹ̀ ní Amẹ́ríkà, 1861 sí 1865, owó tó ń ti ọ̀hún wá gbẹ. Ní 1867 Ẹ̀gbá lé àwọn òyìnbó kúrò ní Abẹ́òkúta, èyí tí wọ́n ń pè ní Ifọ́lé. Nígbà tó di 1869, kò sí míṣọ́nnárì ẹgbẹ́ náà kan ṣoṣo tó kù ní ilẹ̀ Yorùbá. Oṣù kìíní 1875 ni W. J. David àti W. W. Colley, ẹni tó jẹ́ èèyàn dúdú, tó gúnlẹ̀ sí Èkó láti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ náà lákọ̀tun.

Gbogbo ọdún wọ̀nyẹn, ta ló ń gbàdúrà ní Ògbómọ̀ṣọ́? Àwọn díẹ̀ tó gbàgbọ́ tí òyìnbó fi sílẹ̀ ni. Kò sí owó oṣù, kò sí lẹ́tà láti ìlú òyìnbó, ogun sì ń jó ní gbogbo àyíká. Nígbà tí àwọn òyìnbó padà, iná tí wọ́n bá nílẹ̀, àwọn ará ilé ló ń koná mọ́ ọn. Ìyẹn ni mo ṣe ń sọ pé ọ̀rọ̀ ìyá àgbà jẹ́ òótọ́ kó tó sọ̀rọ̀ dé orí ìjọ tiyín pàápàá.

Ọmọ ìlú wa kan tún wà tí o gbọ́dọ̀ mọ̀: Moses Ladejo Stone. Ọ̀dọ̀ míṣọ́nnárì R. H. Stone ló gbé ní kékeré, ibẹ̀ ló ti mú orúkọ Stone. Oṣù kejì 1880 ni wọ́n gbé ọwọ́ lé e gẹ́gẹ́ bí òjíṣẹ́ Ọlọ́run. Ó wá di olùṣọ́ àgùntàn ní Èkó. Ọ̀rọ̀ owó oṣù dá aáwọ̀ sílẹ̀ láàrin òun àti David, òyìnbó sì yọ ọ́ níṣẹ́ láìbi ìjọ léèrè.

Láìbi ìjọ léèrè: ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ wà. Ìjọ Onítẹ̀bọmi kò ní bíṣọ́ọ̀bù. Kò sẹ́ni tó lè jókòó sí òkè kan kó fi pásítọ̀ ránṣẹ́ sí yín bí ẹní fi tíṣà ránṣẹ́ sí ilé ìwé. Ìpàdé ìjọ ló ń pè é, ìpàdé ìjọ náà ló lè ní kó máa lọ. Ìyá alákàrà àti ọ̀gá báńkì, ìbò kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ní. Òyìnbó ló fi ìwé kọ́ wa bẹ́ẹ̀. Ìgbà tí àwọn ọmọ ìjọ Èkó wá ní kí wọ́n ṣe é bí wọ́n ṣe kọ́ni ni ó di ìjà. Ní oṣù kẹta 1888, ọ̀pọ̀ nínú wọn jáde lọ dá ìjọ tiwọn sílẹ̀ láìgba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ òyìnbó. Vaughan, káfíńtà tí mo dárúkọ lẹ́ẹ̀kan, wà níbẹ̀. Oníwàásù Mojọlá Agbébí náà wà níbẹ̀. Nígbà tí apá méjèèjì sì tún para pọ̀ ní 1914, tí wọ́n dá ẹgbẹ́ tó di Ìpàdé Àpapọ̀ Onítẹ̀bọmi Nàìjíríà sílẹ̀, Agbébí yìí kan náà ni wọ́n fi ṣe ààrẹ àkọ́kọ́. Ẹni tó bínú jáde ni wọ́n fi sórí àga. Mo fẹ́ràn apá yẹn púpọ̀.

Ó yá, ká bọ́ sórí ìjọ tìrẹ. Ohun tó ń da díákónì yín láàmú ni pé ó rò pé ọjọ́ kan ṣoṣo ni ìjọ ń ní. Ọjọ́ tí èèyàn mẹ́ta kọ́kọ́ kọrin nínú yàrá, ọ̀tọ̀ ni. Ọjọ́ ìtẹ̀bọmi àkọ́kọ́, ọ̀tọ̀ ni. Ó lè gba ọdún méjì tàbí mẹ́ta kí ibi ìwàásù tó ní ẹni tó ṣe tán láti wọ odò. Ọjọ́ tí ìjọ àgbà tó bí i jẹ́ kó dá dúró, tí wọ́n fi ọwọ́ sí ìwé pé ó ti di ìjọ, òmíràn nìyẹn. Ọjọ́ tí wọ́n fi òkúta ìpìlẹ̀ lélẹ̀ ló wá kẹ́yìn, òun sì ni ojú gbogbo èèyàn ń rí nítorí pé wọ́n gbẹ́ ẹ sára ògiri. Mo mọ ìjọ tó ń ṣe àjọ̀dún ilé, tó sì ń pè é ní àjọ̀dún ìjọ. Wọ́n fi ọdún mọ́kàndínlógún ré ọjọ́ orí ara wọn. Kọ ọjọ́ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sílẹ̀ lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, kí o sì jẹ́ kí ìjọ fúnra wọn yan èyí tí wọ́n fẹ́ ṣe àjọ̀dún rẹ̀. 1855 ní tirẹ̀ jẹ́ ọjọ́ tí ìgbàgbọ́ Onítẹ̀bọmi wọ Ògbómọ̀ṣọ́. Àwọn ará Òkèlérin ló lè fi ìyẹn yangàn, ìjọ wọn ni àgbà ní ìlú. Ẹ̀yin, ọmọ tàbí ọmọ ọmọ ni yín. Kí ni ìtìjú nínú ìyẹn?

Níbo lo máa ti rí ọjọ́ wọ̀nyí? Ìwé àkọsílẹ̀ ìpàdé ìjọ ni kí o kọ́kọ́ béèrè, ìyẹn bí ikán kò bá tíì jẹ ẹ́. Jẹ́ kí n sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí mi fún ọ. Ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, ìjọ kan ní kí n bá àwọn kọ ìtàn. Mo béèrè ìwé ìpàdé, akọ̀wé ní àwọn ti "tún ọ́fíìsì ṣe." Ní ọjọ́ kejì, mo ra àkàrà ní ìkóríta tí kò jìnnà síbẹ̀, mo tú u, ni mo bá rí ìkọ̀wé dúdú tẹ́ẹ́rẹ́, irú èyí tí àwọn tíṣà àtijọ́ ń kọ: "Arákùnrin Díákónì dìde, ó ní kí a dá owó páànù." Epo ti gba ìlà yòókù. Mo bẹ ìyá alákàrà, mo ra gbogbo bébà tó kù nínú agbọ̀n rẹ̀ ní igba náírà. Ojú ìwé mọ́kànlá ni mo rí kó délé. Orí wọn ni mo gbé apá tó dára jù nínú ìtàn yẹn lé. Nítorí náà, bí wọ́n bá ní kò sí ìwé, béèrè ẹni tó tún ọ́fíìsì ṣe.

Lẹ́yìn ìwé, àwọn ìyá WMU, ẹgbẹ́ àwọn obìnrin Onítẹ̀bọmi, ló kàn. Láti 1919 ni ẹgbẹ́ náà ti wà ní Nàìjíríà, wọn ò sì fi ìwé owó wọn ṣeré rí. Ibi tí ìwé ìjọ ti sọnù, wà á rí i pé ìyá kan ṣì ní ìwé ìdáwó nínú àpótí aṣọ rẹ̀, pẹ̀lú orúkọ ẹni tó dá ṣílè méjì àti ẹni tó jẹ gbèsè sísì. Orúkọ àwọn obìnrin tó kọ́ ṣọ́ọ̀ṣì yín wà níbẹ̀.

Ìyá rẹ àgbà ńkọ́? Má béèrè "ọdún wo" lọ́wọ́ rẹ̀. Kò sẹ́ni tó ń fi ọdún òyìnbó rántí ilé. Bi í pé: kí mọ́tò tó bẹ̀rẹ̀ sí gba apá ọ̀tún ni, tàbí lẹ́yìn rẹ̀? Ìyẹn 1972. Pọ́n-ùn ni wọ́n fi dáwó ilé ni, tàbí náírà? Náírà dé ní 1973. Àwọn tó bí i lè ti sọ fún un nípa lùkúlùkú, àjàkálẹ̀ àrùn 1918. Ṣùgbọ́n ìbéèrè tó wù mí jù lára ohun tó sọ ni ti ìdálẹ̀. Bi í pé: kí wọ́n tó lé wa ní Gánà ni àbí lẹ́yìn rẹ̀?

Ibẹ̀ ni ìbéèrè rẹ kejì wọlé, ọ̀rọ̀ iṣẹ́ míṣọ́n.

Bí wọ́n bá dárúkọ míṣọ́n, ojú ọ̀pọ̀ èèyàn ń lọ sí ọsibítù àti sẹ́mínárì. Kò burú. George Green, dókítà míṣọ́n àkọ́kọ́ tí ẹgbẹ́ náà rán wá, dé ní 1907, wọ́n kọ́ ọsibítù Ògbómọ̀ṣọ́ ní 1923. Ilé ẹ̀kọ́ àwọn oníwàásù tí C. E. Smith bẹ̀rẹ̀ ní 1898 ló di sẹ́mínárì òní. Ruth Kersey sì ń gba ọmọ tí ìyá wọn kú sílẹ̀ láti àwọn ọdún 1920. Ilé náà ṣì wà, orúkọ rẹ̀ ló ń jẹ́. Ìwọ̀nyí wà nínú gbogbo ìwé, o kò nílò mi láti ka gbogbo wọn fún ọ.

Èyí tí kò sí nínú ọ̀pọ̀ ìwé ni ti àwọn oníṣòwò. Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ kì í jókòó sójú kan. Wọ́n gbé aṣọ, wọ́n gbé ìlẹ̀kẹ̀, wọ́n gbé wọsiwọsi, wọ́n gba Jọs, Kaduna àti Kano lọ, wọ́n kọjá sí Góòlù Kóòsì, ìyẹn Gánà òde òní: Kumasi, Tamale, Yendi. Nínú ẹrù náà ni Bíbélì àti ìwé orin Yorùbá wà. Ọjọ́ Àìkú àkọ́kọ́ tí wọ́n bá lò níbi tí wọ́n dé, wọn a wá yàrá ẹnì kan, wọn a kọrin. Kò sí míṣọ́nnárì tó rán wọn. Kò sí owó tó ń bọ̀. Ẹni tó mọ̀wé díẹ̀ ló ń ka Bíbélì, ẹni tí ohùn rẹ̀ dára ló ń dá orin. Bí wọ́n bá tó ogún, wọn a ránṣẹ́ sílé pé kí wọ́n wá bá àwọn tẹ èèyàn bọmi. Báyìí ni ọ̀pọ̀ ìjọ Onítẹ̀bọmi ní àríwá Gánà ṣe bẹ̀rẹ̀, tí òyìnbó Amẹ́ríkà kò tíì fi ibẹ̀ ṣe ibùdó. Ìgbà tí wọ́n dé síbẹ̀ ní àwọn ọdún 1940, àwọn ará wa ni wọ́n bá.

Ní oṣù kọkànlá 1969, ìjọba Busia fún àwọn àjèjì tí kò níwèé ní ọ̀sẹ̀ méjì kí wọ́n kúrò ní Gánà. Ọmọdé ni mí nígbà náà, ṣùgbọ́n mo rí àwọn lọ́rì tó ń já èèyàn sílẹ̀ ní ìlú wa: abọ́ tánganran tí wọ́n to sínú ara wọn, ẹ̀rọ ìránṣọ tí wọ́n fi aṣọ òkè di, àwọn ọmọ tó ń fi Hausa ṣeré, tí wọn ò mọ ọ̀nà ilé baba wọn. Ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀ṣì tí wọ́n fi sílẹ̀ ní Gánà dá páropáro. Ìlú kan náà, ọdún kan náà, ni rògbòdìyàn owó orí Àgbẹ́kọ̀yà ń gbóná. Àwọn tó dé náà kò rí ibi tó tó jókòó ní àwọn ṣọ́ọ̀ṣì ńlá; ṣọ́ọ̀ṣì a máa ní àga tí ìdílé kan ti ń jókòó sí láti ọjọ́ pípẹ́, o mọ̀ bẹ́ẹ̀. Kí ni wọ́n ṣe? Ohun tí wọ́n ti mọ̀ ọ́n ṣe láti Tamale: wọ́n wá yàrá, wọ́n kọrin.

Nítorí náà, bí ìyá rẹ àgbà bá sọ pé àwọn tó ti ìdálẹ̀ dé ló bẹ̀rẹ̀, má yára pa á lẹ́nu mọ́. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé òun gan-an ló ń sọ ìtàn míṣọ́n fún ọ, tí díákónì sì ń sọ ti ìrìnàjò òyìnbó kan.

Kí wá ni iṣẹ́ míṣọ́n? Tí o bá fẹ́ kó ṣe pẹrẹpẹrẹ: kí a wàásù Jésù fún ẹni tí kò gbọ́ rí, kí a tẹ ẹni tó gbàgbọ́ bọmi (ẹni tó gbàgbọ́ fúnra rẹ̀ o, kì í ṣe ìkókó, ìkókó, àdúrà ìyàsímímọ́ ni à ń ṣe fún un), kí àwọn tó gbàgbọ́ di ìjọ tó lè dá ara rẹ̀ bọ́, kó sì rán ẹlòmíràn jáde. Ìyẹn ló wà nínú ìwé. Ṣùgbọ́n lójú tèmi, ọ̀nà tí iṣẹ́ náà gbà rìn ní ìlú wa ni pé ẹni tó ń lọ sọ́jà gbé e dání lọ. Ó ń bí mi nínú nígbà tí ìjọ bá ya ọ̀sẹ̀ kan sọ́tọ̀ fún míṣọ́n, tí wọ́n gbé ẹ̀rọ gbohùngbohùn sínú bọ́ọ̀sì, tí wọ́n wọ ṣẹ́ẹ̀tì aláwọ̀ kan náà lọ sí abúlé, tí wọ́n ya fọ́tò, tí wọ́n dé kó tó di ìrọ̀lẹ́. Àwọn oníṣòwò àná kò ya fọ́tò. Wọ́n gbé ibẹ̀ fún ogún ọdún, wọ́n bímọ síbẹ̀, wọ́n gbọ́ èdè wọn. Ìbátan wọn tó jẹ́ mùsùlùmí wà lára àwọn tí wọ́n jọ lọ, wọ́n sì jọ ń jẹ ẹran Iléyá. Irú ìwàásù bẹ́ẹ̀ kì í ní ariwo.

Báyìí ni mo ṣe máa kọ ojú ìwé méjì náà tó bá jẹ́ èmi ni. Gbólóhùn mẹ́ta fún Bowen àti 1855, ó tó o. Gbólóhùn méjì fún àwọn ọdún tí òyìnbó kò sí. Ìyókù gbogbo, ti agboolé yín: yàrá wo, ta ló ń dá orin, ta ló kọ́kọ́ wọ odò, ìjọ wo ló bí yín, ìyá wo ló gbé ilẹ̀ sílẹ̀. Dárúkọ àwọn obìnrin. Díákónì yóò bínú díẹ̀. Fi ìwé ìdáwó WMU hàn án, orúkọ ìyá tirẹ̀ lè wà níbẹ̀.

Ṣùgbọ́n ìyá àgbà ni kí o kọ́kọ́ lọ bá, ní ìrọ̀lẹ́ tí oòrùn bá ti rọ̀, kì í ṣe láàárọ̀ tó ń múra ọjà. Gbé fóònù rẹ sórí ẹní kó máa gba ohùn, má mú bírò dání, bírò máa ń mú kí àgbà ronú kó tó sọ̀rọ̀. Jẹ́ kó kọ orin tí wọ́n kọ ní ọjọ́ àkọ́kọ́ náà fún ọ. Tó bá kọ ọ́ tán, kí o wá bi í pé ta ló ni yàrá náà.